Omi Náà Kò Gbóná

Keziah Ṣówándé ń wẹ ọmọ tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìkòsí ló ń gbé, nínú yàrá méjì, ṣùgbọ́n Magodo àti Ogudu ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Ìṣarà kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó. Ó ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò lẹ páálí mọ́ ògiri. Àwọn ìyá ọmọ ló ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọjà tó ní.

Kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á fi ìgúnpá wo omi. Á da ojú ọmọ délẹ̀ lórí ojúgun rẹ̀, á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ra á láti ọrùn dé gìgísẹ̀. Á na apá, á na itan, á fi ọwọ́ mọ orí. Abíyá ni àwọn àgbà máa ń tẹnu mọ́ jù. Wọ́n ní ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ dáadáa níbẹ̀ ní ìkókó yóò máa rùn tó bá dàgbà. Bí géńdé kan bá ń rùn nínú bọ́ọ̀sì, ìyá tó bí i ni wọ́n máa bú, pé kò wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òórùn yìí ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, wọ́n pè é sí ilé Olújìmí àti Kẹ́misọ́lá, tọkọtaya kan nínú ẹ̀sítéètì kan ní Magodo. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà. Kò tíì ní orúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Ìbùkúnolúwa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, nítorí náà ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Olújìmí, Edith, ló ń darí ilé. Grandma ni gbogbo wọn ń pè é. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ.

Keziah tú aṣọ ọmọ, ó sì dáwọ́ dúró. Níbi tí wọ́n so rọ́bà orúkọ mọ́ ní ọsibítù, awọ ti bó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká. Gìgísẹ̀ òsì pupa, kò ní awọ. Nígbà tí ọmọ la ẹnu sunkún, ó rí i pé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí ahọ́n lé ròrò. Ó béèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ pé téèpù ló họ ọ́.

Ó gbé kànìnkànìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí ọmọ lára díẹ̀díẹ̀, ó sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ. Kò ra á.

"Ṣé o ti wẹ̀ ẹ́ tán nìyẹn?" Grandma ló béèrè.

"Grandma, awọ ọmọ yìí kò dì mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ díẹ̀, kí dókítà tún un wò."

"Awọ tí kò dì mọ́ ara. Kí ló wá dì mọ́, ògiri?" Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Keziah, bí kò bá yá ọ lára lónìí, sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Kò sí èyí tó ń rùn nínú wọn."

Kẹ́misọ́lá gbọ́. Kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Grandma gbé àga wá, ó jókòó ti ibi ìwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Kẹ́misọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ wo omi, tó ní kò tilẹ̀ gbóná tó. Ó ní kí Keziah mú kànìnkànìn. Keziah ní rárá. Grandma ní kó mú un, tàbí kó máa lọ kí wọ́n pe ẹlòmíì. Keziah wo ọmọ náà. Ó rò pé ẹlòmíì yóò le ju òun lọ. Ó yan ibi tó rọ̀ jù lára kànìnkànìn, ó sì fà á kọjá lẹ́yìn ọmọ lẹ́ẹ̀kan.

Awọ bá a lọ. Ó ṣí bí awọ tòmátì tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ohun tó jọ ọ́ jù nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ fi lè rò pé omi ni. Ṣùgbọ́n Grandma wà níbẹ̀.

Keziah ló wé ọmọ sínú aṣọ mímọ́. Òun ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan wo ẹ̀yìn ọmọ náà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé omi gbígbóná ló jó o. Kò béèrè bí omi ṣe gbóná tó. Kò la ẹnu ọmọ wò. Nígbà tí Olújìmí dé láti ibi iṣẹ́, tó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ dákẹ́. Irọ́ rẹ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Keziah padà lọ béèrè àlàáfíà ọmọ. Ẹni tó bá da omi gbígbóná lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ṣé á tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá pẹ̀lú ọṣẹ dúdú nínú báàgì? Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Richard, sẹkiúrítì tó ti ń ṣí géètì fún un láti ọdún méje, ló dá a dúró. Kò lè wò ó lójú. Ó ní kó má bínú, wọ́n ní kí òun dá a dúró ni. Wọ́n fi í sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé àwọn sẹkiúrítì láti aago mẹ́jọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún gbé gíláàsì sókè. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó jókòó sí, pẹ̀lú báàgì lórí itan. Olújìmí gbé fọ́tò náà sí gúrúùpù WhatsApp ẹ̀sítéètì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin yìí da omi gbígbóná sí ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kó wọ ilé wọn. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti fèsì. Wọ́n pè é ní àjẹ́. Wọ́n pè é ní ìkà. Obìnrin kan tí Keziah wẹ ọmọ mẹ́ta fún kọ ọ́ pé ìwà rẹ̀ ti ń kọ òun lóminú tipẹ́.

Wọ́n tẹ fọ́tò náà sórí ìwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé sẹkiúrítì.

Ìròyìn dé Ìkòsí kó tó délé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé mẹ́rin tó ti ń retí rẹ̀ ní Magodo àti Ogudu pè é pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó jẹ́ pé òun ló máa ń gbé ọmọ dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkómọ, ìyàwó pásítọ̀ ní kó ṣì jókòó ná títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Keziah sọ fún mi pé ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dun òun ju ti àwọn tó pe òun ní àjẹ́.

Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ìsìn, ó sì lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé ọmọ náà sí. Wọ́n lé e lọ́jọ́ kìíní. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ké sí dókítà tó mọ̀ nípa àrùn awọ, Dókítà Adédiwúrà, nítorí pé ibi tí wọ́n lẹ téèpù mọ́ lára ọmọ náà tún ti bó, kò sì sí ẹni tó da omi kankan sí i. Ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ wẹ ọmọ yìí. Nọ́ọ̀sì kan ní obìnrin tó jókòó síta yẹn ni, àwọn fẹ́ lé e ni.

Dókítà ní kó wọlé. Ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í: kí lo kọ́kọ́ rí?

Keziah kà wọ́n fún un: ọrùn ọwọ́, gìgísẹ̀, ẹnu. Ó ní òun ra ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kejì, òun kò ní fi bò.

"Ẹnu ńkọ́?" ni dókítà wí. "Ṣé ó dá ọ lójú pé ẹnu rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ dé?"

"Ó dá mi lójú, mà. Ṣé mo da omi gbígbóná sí i lẹ́nu náà ni?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú biro, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó gé awọ tí kò ju orí ìṣáná lọ lára ọmọ náà, ní ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé ròrò, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ wò ó dáadáa. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, Keziah ń lọ sí wọ́ọ̀dù. Dókítà ló ní kí wọ́n jẹ́ kó máa wọlé. Keziah ló kọ́ Kẹ́misọ́lá bí a ṣe ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀: má fọwọ́ sí i ní abíyá, má fà á, tẹ́ fóòmù rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí, kí èkejì wà lẹ́yìn ọrùn, kí o sì gbé òun àti fóòmù pọ̀. Ó ti rí i pé Kẹ́misọ́lá ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Àwọn kan bi í pé kí ló ń wá kiri lọ́dọ̀ àwọn tó bà á lórúkọ jẹ́. Ó ní ọmọ kò ṣẹ òun.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pe gbogbo wọn: Olújìmí, Kẹ́misọ́lá, Grandma. Ó ní kí wọ́n pe Keziah náà. Grandma béèrè ohun tí ẹni tó ń wẹ ọmọ wá ṣe níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdílé. Dókítà ní òun ò ní bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Àwòrán kan wà lójú rẹ̀, ó ní àwọ̀ àlùkò, ó rí bí bíríkì tí wọ́n tò léra. Ó ní bíríkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan. Ó ní òde awọ ènìyàn, níbi púpọ̀, kò nípọn ju ìwé kan lọ, síbẹ̀ òun ló ń dènà gbogbo ohun tó fẹ́ wọlé àti gbogbo omi tó fẹ́ jáde. Ohun tó mú kó lè ṣe é ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jókòó èjìká kan èjìká, kò sí àlàfo láàárín wọn. Ibi tí ọ̀kan ti kan èkejì, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí bọ́tìnnì, ó sì pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Nínú sẹ́ẹ̀lì, fọ́nrán nà láti bọ́tìnnì kan dé òmíràn. Tí ẹ bá fa awọ níbì kan, gbogbo wọn ló jọ ń fà á padà.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀," ni ó wí. Ó fi biro tọ́ka sí i. "Ìlà tó kẹ́yìn yìí jókòó sórí ẹní kan tín-ín-rín. Wọ́n fi ìkọ́ kọ́ ara wọn mọ́ ẹní náà. Lábẹ́ ẹní, okùn kéékèèké wà tó so ẹní mọ́ ẹran ara. Bọ́tìnnì ọmọ yín pé. Ìkọ́ rẹ̀ pé. Okùn abẹ́ ẹní ni kò ní. Wọ́n fi ohun kan kùn ún níbi àyẹ̀wò, tó máa ń tàn níbi tí okùn náà bá wà. Kò tàn."

Nítorí náà, tí nǹkan bá ti fara ra ọmọ náà, òde awọ rẹ̀ yóò ṣí pẹ̀lú ẹní rẹ̀, omi ara yóò sì kún ibẹ̀. Irú ẹní kan náà ló wà nínú ẹnu àti nínú ọ̀nà ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi bó láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Olújìmí béèrè bóyá omi gbígbóná náà kò lè ṣe irú èyí.

"Tí omi bá jó awọ," ni dókítà wí, "òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè ló máa ń kọ́kọ́ kú. Wo àwọn wọ̀nyí. Ọ̀kan kò jóná nínú wọn. Wọ́n di ara wọn mú ṣinṣin. Gbogbo wọn jọ ṣí kúrò nílẹ̀ ni. Omi náà kò gbóná, ọ̀gá. Ẹni kan sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní pé awọ ọmọ kò dì mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹ̀rọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ náà nìyẹn."

Grandma ní nínú ìdílé tiwọn, kò sí irú rẹ̀ rí. Ó wo Kẹ́misọ́lá bó ṣe ń sọ ọ́. Dókítà ti mọ ìwò yẹn. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá ni ìdajì ohun tó fà á ti wá, ọ̀dọ̀ ìyá ni ìdajì; ẹni tó bá ní ìdajì kan péré kò ní ṣàìsàn, kò sì ní mọ̀ pé òun ní in. Kò sí ẹni tó ṣe é fún un. Kò tíì sí oògùn tó lè wò ó sàn tán. Ìtọ́jú ló wà: báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ ojú egbò, abẹ́rẹ́ mímọ́ láti lu ohun tó bá lé ròrò, àti ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Olújìmí sọ fún Keziah pé kí Mummy má bínú, bó ṣe jọ lójú àwọn ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ti di Mummy báyìí. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ wọn gbé àpò ìrẹsì kan wá sí Ìkòsí. Keziah ní kó gbé e padà. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n sọ òtítọ́ níbi tí wọ́n ti pa irọ́, kí wọ́n sì já fọ́tò òun kúrò lára ògiri.

Olújìmí kọ nǹkan sí gúrúùpù náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn ti yanjú, Ọlọ́run ló ń ṣàkóso, kí gbogbo ènìyàn máa fi àdúrà rántí àwọn. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á lè rò pé wọ́n ti dárí ji ọ̀daràn kan. Kẹ́misọ́lá gbé fóònù náà wá han Keziah ní Ìkòsí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, òun nìkan kò lè dá ìwẹ̀ náà ṣe.

Keziah kà á dé òpin. Ó bi í pé ọ̀nà wo ni òun fẹ́ gbà wọlé, ṣé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò yẹn náà ni?

Kẹ́misọ́lá padà sílé. Grandma ń jẹun. Ó ní òun kò ní bẹ ẹni tó ń wẹ ọmọ, pé ọmọdé kì í tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe. Ọmọbìnrin tí kò sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà dúró níwájú rẹ̀.

"Mummy, mo gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Mo wà níbẹ̀. Ó ní kò yẹ ká ra á, ẹ ní kó ra á. Ẹ fọwọ́ wo omi yẹn, ẹ ní kò gbóná tó. Mo dákẹ́ nígbà yẹn, ìtìjú tèmi nìyẹn. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́, orúkọ yín á sì wà níbẹ̀."

Ìyá àgbà náà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe àánú ló mú un sọ̀rọ̀. Kó lè yan ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò lò ni. Ó sọ ọ́ sínú fóònù fún gúrúùpù ẹ̀sítéètì, ohùn rẹ̀ le bí ti ẹni tó ń ka ìwé ìjọba. Ó ní Ìyáàfin Keziah Ṣówándé ló kọ́kọ́ rí i pé awọ ọmọ àwọn ní ìṣòro. Ó ní obìnrin náà kọ̀ láti ra á, òun fúnra òun ló sì fi dandan lé e. Ó ní omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́, òun fọwọ́ kàn án. Ó ní dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sọ pé kó má bínú. Richard já fọ́tò náà kúrò ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn; téèpù rẹ̀ bá ọ̀dà ògiri lọ.

Keziah padà sí ilé náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí ọmọ náà lára ní àràárọ̀, Kẹ́misọ́lá ń gbé fóòmù, Grandma ń jókòó sí pálọ̀. Ọmọ náà ti lé ní ọdún kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ní egbò.

Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fèsì sí fọ́tò rẹ̀. Ẹni méjì ló fèsì sí ohùn Grandma. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ àdúrà sí i, èkejì béèrè ìgbà tí iná máa dé. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn kò tíì pè é. Yàtọ̀ sí Kẹ́misọ́lá, kò tíì sí ẹni tó tún pè é láti ẹ̀sítéètì náà.